Ara Rẹ̀ Dá, Síbẹ̀ A Gbé E Lọ

Ní Sábó, ní Ilé-Ifẹ̀, kò sẹ́ni tí í bi ìyá tó pọn ọmọ tí ara rẹ̀ ń gbóná pé ibo ló ń lọ. Gbogbo ojú ti mọ̀. Ìyá tí wọ́n máa ń bi ni èyí tó gbé ọmọ tó mọ́ tónítóní, tó mu ọmú yó, tó ń fi ẹsẹ̀ ta ìyá rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, tó wá dá kẹ̀kẹ́ Márúwá dúró pé òun ń lọ sí ilé ìlera Ẹlẹ́yẹlé.

"Ìyá Mùbáárákì, ṣé kò sí o? Ara ọmọ ò le ni?"

"Ara rẹ̀ le, mà. A fẹ́ lọ wọ̀n ọ́n ni."

Ìbéèrè yẹn kì í ṣe àtojúbọ̀. Àìsàn ló ti ń gbé èèyàn dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Kí a dìde láàárọ̀, kí a pa ọjà tì, kí a náwó ọkọ̀ nítorí ọmọ tí nǹkan kan kò ṣe, ọ̀rọ̀ tó yẹ kí èèyàn béèrè ni. Ìdáhùn rẹ̀ sì gùn ju ohun tí a lè sọ lórí ìdúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì lọ.

Sábó jẹ́ àdúgbò tí àwọn Haúsá ti ń bá àwọn ará Ifẹ̀ gbé láti ọjọ́ pípẹ́, irú èyí tó wà ní Ìbàdàn àti Ṣàgámù, tí òwò obì àti màlúù dá sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìdílé ibẹ̀ ní ẹsẹ̀ kan ní Ifẹ̀, ẹsẹ̀ kejì ní òkè Ọya. Ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ lè lo oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ní Ifẹ̀, kí ó bá ìyá rẹ̀ lọ sí Kánò lọ kí ìyá àgbà, kí wọ́n má sì padà títí eyín rẹ̀ yóò fi yọ. Nọ́ọ̀sì tó fún un ní abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ kọ́ ni yóò fún un ní èyí tó kẹ́yìn. Ohun kan ṣoṣo tó mọ ìtàn ara ọmọ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ ni káàdì tó wà nínú báàgì ìyá rẹ̀. Itòsí Ifẹ̀ ni irú káàdì bẹ́ẹ̀ ti gbéra kó tó lọ yí ayé ká, a ó sì dé orí ìyẹn láìpẹ́.

Kì í ṣe pé àwọn ìyá wa kò mọ bí a ti ń ṣọ́ ara ọmọ kí nọ́ọ̀sì tó dé. Ìyá àgbà tó ń wẹ ọmọ ìkókó a máa na apá rẹ̀, a na ẹsẹ̀ rẹ̀, a fi ọwọ́ wọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, a sì fi ìka kan àwùjẹ̀ wò. Bí àwùjẹ̀ bá ti rì wọnú, ìyá àgbà kò ní sùn mọ́, nítorí ó mọ̀ pé omi ti ń tán lára ọmọ. Ìlẹ̀kẹ̀ ìdí náà ní iṣẹ́ tirẹ̀ yàtọ̀ sí ẹwà. Bí ó bá ń fún ọmọ, ọmọ ń sanra. Bí ó bá ń yọ̀ sísàlẹ̀, ọmọ ń rù. Ọgbọ́n gidi ni. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan wà tí ọmọ ń gbà ṣubú tí ìlẹ̀kẹ̀ kò ní sọ, òun ni ti ọmọ tí kò rù, tí kò sì tóbi sí i. Ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ dúró sí ibi tó wà lóṣù tó kọjá, ọkàn ìyá sì balẹ̀. Ọmọ tó yẹ kó máa fi ìwọ̀n kún ìwọ̀n lóṣooṣù, tó wá dúró lójú kan, ti ń ṣàìsàn tí ojú kò tíì rí. Nítorí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni òṣùwọ̀n ṣe wà.

Ní ilé ìlera, àárọ̀ ni iṣẹ́ ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn ìyá á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, nọ́ọ̀sì kan á dá orin, wọ́n á gbè é, wọ́n á máa pàtẹ́wọ́: orin lórí ọmú ìyá nìkan fún oṣù mẹ́fà, orin lórí ọwọ́ fífọ̀, orin lórí fífi ètò sọ́mọ bíbí. Ẹni tó bá rò pé fàájì lásán ni kí ó bi obìnrin tó ti bí ọmọ mẹ́ta bóyá ó ti gbàgbé èyíkéyìí nínú orin náà. Lẹ́yìn orin ni wọ́n á gba káàdì, wọ́n á tò ó bí ẹni kọ̀ọ̀kan ṣe dé, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ.

Òṣùwọ̀n méjì ló wọ́pọ̀. Wọ́n ń tẹ́ ọmọ ìkókó sórí ọ̀kan. Èkejì ni wọ́n gbé kọ́ sókè, tí wọ́n á wọ ọmọ ní ṣòkòtò kan tó ní okùn, tí wọ́n á fi so ó rọ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa jù sọ́tùn-ún sósì. Igbe kì í wọ́n níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó mọṣẹ́ á ní kí wọ́n bọ́ aṣọ ọmọ kúrò pátápátá, nítorí pé ìtẹ́dìí tó ti kún fún ìtọ̀ lè fi ìwọ̀n tí kò sí kún ìwọ̀n ọmọ. Ìṣirò tí wọ́n ń lò kò le: ọmọ tí wọ́n bí ní nǹkan bíi kílò 3 sábà máa ń tó kílò 6 ní oṣù karùn-ún, á sì súnmọ́ kílò 9 nígbà tó bá pé ọdún kan. Wọ́n á na ọmọ gbalaja láti wọn gígùn rẹ̀, wọ́n á fi téèpù yí orí rẹ̀ ká. Orí tó ń yára tóbi jù lè jẹ́ pé omi ló ń gbá jọ sínú rẹ̀, èyí tó kọ̀ tí kò tóbi lè jẹ́ àmì pé ọpọlọ kò dàgbà bó ṣe yẹ.

Téèpù mìíràn wà fún apá, aláwọ̀ mẹ́ta, fún ọmọ oṣù mẹ́fà títí dé ọdún márùn-ún. Bí apá ọmọ bá bọ́ sí àwọ̀ ewé, tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 12.5 sókè, kò sí wàhálà. Àwọ̀ yẹ́lò wà láti 11.5 títí dé 12.5, ìyẹn ọmọ tí a gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ oúnjẹ rẹ̀. Pupa ni ti apá tí kò tó 11.5, ọmọ tó bá sì wọ ibẹ̀ kò gbọdọ̀ padà sílé láìgba ìtọ́jú. Kò sí ẹ̀rọ nínú rẹ̀, kò sí iná mànàmáná, owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Nínú gbogbo ohun èlò ìṣègùn ọmọdé, ó ṣòro láti rí èyí tó kéré tó báyìí tó sì ń gba ẹ̀mí là tó bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè ló kàn. Ṣé ọmọ ti ń wojú ìyá rẹ̀ kó rẹ́rìn-ín? Ṣé ó ń yíjú síbi tí ariwo ti dún? Ṣé ó ti ń dá jókòó? Ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń dá jókòó kí wọ́n tó pé oṣù mẹ́sàn-án, ọ̀pọ̀ sì ti ń rìn kí oṣù 18 tó kọjá. Ìyá kan lè ní, "Àǹtí nọ́ọ̀sì, bàbá rẹ̀ náà pẹ́ kó tó rìn." Ó lè jẹ́ òótọ́. Ó sì lè jẹ́ pé ọmọ náà kò gbọ́ràn, tàbí pé iṣan rẹ̀ ló ní ìṣòro, ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ kò sì ní wo ìyẹn sàn. Èyí tí wọ́n bá tètè rí ni wọ́n ń tètè bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú rẹ̀.

Gbogbo ohun tí wọ́n wọ̀n àti ohun tí wọ́n gbọ́ á wọ inú káàdì. Ìtàn káàdì náà sì nìyí.

Ní 1956, dókítà ọmọdé kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, David Morley, dé ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, èyí tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dá sílẹ̀. Ó wà níbẹ̀ di 1961. Ìlú tí iṣẹ́ rẹ̀ ti lókìkí jù kì í ṣe Iléṣà fúnra rẹ̀, Ìmẹ̀sí-Ilé ni, ìlú tí àwọn onítàn mọ̀ mọ ogun Kírìjì. Ibẹ̀ ni òun àti àwọn nọ́ọ̀sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé àwọn ọmọ láti ọjọ́ ìbí títí wọ́n fi pé ọdún márùn-ún, tí wọ́n ń wọ̀n wọ́n, tí wọ́n ń kọ àìsàn wọn sílẹ̀. Ohun tí wọ́n rí ni pé àwọn ọmọ tó ń kú kì í ṣàdédé kú. Èéyi, ikọ́ líle, ìgbẹ́ gbuuru àti ibà ló ń pa wọ́n lójú ayé, ṣùgbọ́n àìjẹunrekánú ti sọ ara ọ̀pọ̀ nínú wọn di ahẹrẹpẹ kí àìsàn tó dé, ìwọ̀n wọn ìbá sì ti sọ bẹ́ẹ̀ ká ní ẹnìkan wọ̀n wọ́n.

Àṣà ilé ìwòsàn nígbà náà ni pé ọmọ tó ń ṣàìsàn ní ibi tirẹ̀, èyí tí ara rẹ̀ dá ní ibi tirẹ̀, bí ìyá bá ní méjèèjì kí ó yan èyí tó fẹ́ gbé lọ. Morley da méjèèjì pọ̀ sójú kan: klíníkì ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, níbi tí ìyá á ti rí ìwọ̀n, abẹ́rẹ́, ìmọ̀ràn lórí oúnjẹ àti oògùn ibà gbà lọ́jọ́ kan náà. Nọ́ọ̀sì ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Dókítà ń rí àwọn tí ọ̀ràn wọn bá le.

Káàdì tó bá a rìn, tó pè ní Ọ̀nà sí Ìlera, ní ìlà méjì tó tẹ̀ gòkè láti òsì lọ sí ọ̀tún. Ìlà òkè ni ìwọ̀n ọmọkùnrin tó wà láàárín gbùngbùn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìlà ìsàlẹ̀ ni ti ọmọbìnrin tó jẹ́ pé mẹ́ta péré nínú ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ́ rẹ̀ ló fúyẹ́ jù ú lọ. Àárín méjèèjì ni ọ̀nà. Lóṣooṣù, nọ́ọ̀sì á fi bírò kán àmì kan síbi tí ìwọ̀n ọmọ bọ́ sí, á so ó pọ̀ mọ́ ti oṣù tó kọjá. Ìyá tí kò kàwé rí lè rí i fúnra rẹ̀ pé àmì ọmọ òun ń gòkè, tàbí ó dúró, tàbí ó ń wálẹ̀. Ibi tí àmì dorí kọ ṣe pàtàkì ju ibi tó wà lọ: ọmọ kékeré tí àmì rẹ̀ ń gòkè sàn ju ọmọ bẹ̀ǹbẹ̀ tí àmì rẹ̀ kò kúrò lójú kan fún oṣù mẹ́ta. Àyè kan tún wà lórí káàdì fún ìdí tí ọmọ fi nílò àmójútó pàtàkì: bóyá ìbejì ni, bóyá àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kú. Ní ilẹ̀ Yorùbá tí ìbejì pọ̀ sí ju ibi gbogbo láyé lọ, àyè yẹn kò pẹ́ kó tó kún.

Nǹkan tó yani lẹ́nu jù fún àwọn elétò ìlera ni pé ìyá ló ń mú káàdì náà lọ sílé, nínú ọ̀rá. Wọ́n rò pé yóò sọnù, pé ewúrẹ́ á jẹ ẹ́, pé ọmọ á fà á ya. Àwọn ìyá tọ́jú rẹ̀. Nítorí èyí ni ọmọ Sábó tó ń ti Ifẹ̀ lọ Kánò, tó ń ti Kánò bọ̀, fi lè dé iwájú nọ́ọ̀sì tí kò rí i rí, kí nọ́ọ̀sì náà sì mọ ohun tó kù tó yẹ kó ṣe.

Ṣé ó ṣiṣẹ́? Dókítà Nicholas Cunningham fi Ìmẹ̀sí-Ilé wé Òkè-Ìmẹ̀sí tó múlé tì í, níbi tí kò sí irú klíníkì bẹ́ẹ̀. Àbájáde rẹ̀, tó jáde ní 1978, fi hàn pé ikú ọmọdé kéré gan-an ní Ìmẹ̀sí-Ilé ju Òkè-Ìmẹ̀sí lọ. Irú ìyípadà yìí, àti abẹ́rẹ́ tó bá a rìn, wà lára ohun tó mú kí orúkọ àbíkú bíi Málọmọ́, Kòsọ́kọ́ àti Dúrósinmi máa dínkù nínú rẹ́jísítà ilé-ìwé wa. Ilé ìlera Ìmẹ̀sí-Ilé ṣì wà títí dòní. Òun, Wesley Guild àti ilé ìlera Ẹlẹ́yẹlé jọ wà lábẹ́ ilé ìwòsàn ìkọ́ni Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, OAUTHC, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1975.

Àtẹ orí káàdì náà ti yí padà díẹ̀ láti ìgbà Morley. Ní 2006, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé tuntun jáde, èyí tí wọ́n fi àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè mẹ́fà ṣe: Bùràsíìlì, Gánà, Íńdíà, Nọ́wè, Omáànì àti Amẹ́ríkà. Ohun tí wọ́n rí ni pé ọmọ tó rí ọmú mu, tó rí oúnjẹ gidi jẹ, tí àyíká rẹ̀ mọ́, ń dàgbà bákan náà, ì báà jẹ́ ní Accra, ì báà jẹ́ ní Oslo. Ẹni tó bá ń sọ pé "ìdílé wa ni kò ga" nípa ọmọ ọdún mẹ́ta, kí ó kọ́kọ́ wo inú àwo oúnjẹ ọmọ náà. Ìwádìí ìjọba lórí ìlera ìdílé ní 2023 sí 2024 fi hàn pé 40 nínú 100 ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ní Nàìjíríà ló kúrú ju ọjọ́ orí wọn lọ, àìjẹunrekánú tó pẹ́ lára ló sì ń fa èyí tó pọ̀ jù. Nínú ìwádìí kan náà, 110 nínú 1,000 ọmọ ni kì í pé ọdún márùn-ún. Ó jẹ́ 132 ní 2018. Ó ti dínkù. Ó ṣì burú.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára ni gbogbo èèyàn mọ̀, kò yẹ ká pẹ́ lórí rẹ̀. Ọjọ́ ìbí ni ti ikọ́ ife, ti àrùn ẹ̀dọ̀ àti ẹ̀kán rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14 ni àwọn abẹ́rẹ́ alápapọ̀, ti òtútù àyà, àti ẹ̀kán fún ìgbẹ́ gbuuru. Oṣù mẹ́sàn-án ni ti èéyi, ti ibà pọ́njú àti ti àrùn lọ́rùnlọ́rùn. Oṣù 15 ni èéyi ẹlẹ́ẹ̀kejì. Láti oṣù mẹ́fà ni wọ́n ti ń kán fítámì A sí ọmọ lẹ́nu ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo rẹ̀ ní ilé ìlera ìjọba.

Lẹ́yìn oṣù 15, ọ̀nà já.

Lójú ọ̀pọ̀ òbí, abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń gbé ọmọ lọ gbà, nígbà tí abẹ́rẹ́ bá sì ti tán, kí ni wọ́n tún fẹ́ wá lọ síbẹ̀? Káàdì á bọ́ sínú àpótí, láàárín ìwé ilẹ̀ àti fọ́tò ìgbéyàwó, ó di ìgbà tí ilé-ìwé bá béèrè ọjọ́ ìbí. Ẹ̀bi náà kì í ṣe ti òbí nìkan. Ilé ìlera púpọ̀ kò ní ohun kan tí wọ́n ń pe ọmọ ọdún mẹ́rin tí ara rẹ̀ dá wá ṣe. Ìlànà ìjọba àpapọ̀ lórí ìlera ní ilé-ìwé, tó jáde ní 2006, fẹ́ kí wọ́n máa yẹ ọmọ wò kí ó tó wọlé ìwé. Níbi tó pọ̀, owó ilé-ìwé àti yunifọ́ọ̀mù ni ọ̀gá ilé-ìwé ń béèrè, kì í béèrè bóyá ọmọ ríran.

Ojú gan-an ló sì yẹ ká fi bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí tíṣà ń pè ní olódo, tó ń da ìwé ẹlòmíì kọ, tó ń súnmọ́ tẹlifíṣọ̀n títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án, lè jẹ́ ọmọ tí kò rí ohun tó wà lójú pátákó. Àyẹ̀wò rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ: ìwé alálẹ́tà lára ògiri, ọmọ á bo ojú kan, á ka ohun tó rí. Etí náà ń bẹ. Etí tó ń ṣọyún tí wọ́n fi sílẹ̀ pé "á gbẹ fúnra rẹ̀" lè di etí dídi. Eyín, ìwọ̀n, gíga, àtẹ́lẹwọ́ àti ìpéǹpéjú láti mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ tó lára, oògùn aràn ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà: gbogbo rẹ̀ ni nọ́ọ̀sì lè parí kí ìyá tó ra àkàrà tán níta.

Ẹ̀jẹ̀ nìkan ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ pọ̀. Nǹkan bí ẹnìkan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ló ní jínótáìpù AS, nǹkan bí ọmọ méjì nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n ń bí sì ni SS, àwọn tí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ń bá jà. Láti ìgbà ọmọ ìkókó ni a ti lè mọ̀ ọ́n. Ọmọ tí wọ́n tètè mọ̀ lè máa gba oògùn tí kò ní jẹ́ kí kòkòrò àrùn wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ àti èyí tí kò ní jẹ́ kí ibà kọlù ú, ìyá rẹ̀ á sì mọ̀ pé bí ara rẹ̀ bá gbóná, kì í ṣe ibi tí à ń ro àgbo ni, ilé ìwòsàn ni, lójú ẹsẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n wọ yunifásítì, tí wọ́n ní kí wọ́n lọ ṣe àyẹ̀wò akẹ́kọ̀ọ́ tuntun, ni wọ́n tó mọ jínótáìpù wọn. Àwọn mìíràn, ó di ìgbà tí pásítọ̀ tàbí àlùfáà bá béèrè ìwé rẹ̀ kó tó so yìgì. Nígbà náà, ìfẹ́ ti wọra.

Àwọn ọ̀dọ́langba ló ṣòro jù láti rí. Àjọ Ìlera Àgbáyé ka ọ̀dọ́langba sí ẹni ọdún 10 sí 19. Ara wọn le, ẹsẹ̀ wọn yá, ilé ìwòsàn sì ni ibi tó kẹ́yìn tí wọ́n fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí wọn. Ní Sábó, bí ọmọbìnrin kan ṣe wà ní ilé-ìwé gírámà ni ẹlòmíì ń kiri ọjà. Ọmọkùnrin kan ń kọ́ mẹkáníìkì, èkejì wà ní gáreejì. Ẹni tí kò sí ní ilé-ìwé kò sí lójú ẹnikẹ́ni tó ń ṣètò ìlera akẹ́kọ̀ọ́. Bẹ́ẹ̀, ọjọ́ orí yìí ni nǹkan oṣù ń bẹ̀rẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ ń dínkù lára ọmọbìnrin. Ọjọ́ orí yìí ni ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń yọjú nínú ara àwọn kan tí kò sì sẹ́ni tó wọn ìfúnpá wọn rí.

Abẹ́rẹ́ kan wà fún wọn. Ní oṣù Kẹwàá 2023, Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ HPV, ẹ̀ẹ̀kan péré, èyí tó ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ. Ọ̀ṣun wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rù ba àwọn òbí kan: wọ́n ní wọ́n fẹ́ sọ àwọn ọmọ àwọn di àgàn. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní 2003, òun náà ló mú kí Kánò dá ẹ̀kán rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ dúró, àrùn náà sì tàn láti ibẹ̀ dé àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti lé e lọ. Àwọn ọmọ tí wọ́n gba ẹ̀kán náà nígbà yẹn ti dàgbà báyìí, wọ́n ti ń bímọ. Ní oṣù Kẹjọ 2020 ni wọ́n kéde pé rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ti inú ìgbẹ́ ti kúrò ní ilẹ̀ Áfíríkà. Kò sí ìdáhùn tó dára jù ìyẹn lọ.

Ohun tó yàtọ̀ pátápátá nínú àyẹ̀wò ọ̀dọ́langba ni ọ̀rọ̀ ẹnu. Àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà ti ní ìlànà kan láti àwọn ọdún 1970: béèrè nípa ilé, lẹ́yìn náà ilé-ìwé, lẹ́yìn náà ohun tó ń ṣe nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀, kí o tó dé orí oògùn olóró, ìbálòpọ̀, àti bóyá ó ti ronú rí pé kí òun pa ara òun. Ohun tí kò le ló ń ṣí ilẹ̀kùn fún èyí tó le. Ní oṣù Karùn-ún 2018 ni ìjọba àpapọ̀ fòfin de ṣíṣe omi oògùn ikọ́ oníkódíìnì àti kíkó o wọlé, nígbà tó hàn pé àwọn ọ̀dọ́ ń mu ún bí ọtí. Òfin kò sì lè bá ọmọ sọ̀rọ̀. Nọ́ọ̀sì ló lè bá a sọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n kó tó lè rí bẹ́ẹ̀, ìyá gbọ́dọ̀ jáde. Ibí yìí ni wàhálà wà nílẹ̀ wa. "Kí ni ọmọ mi fẹ́ sọ fún yín tí kò lè sọ lójú mi?" Ọ̀pọ̀ nǹkan ni, mà. Nọ́ọ̀sì tó gbọ́n kì í bá ìyá jiyàn. Á kí i, á sọ fún un pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é fún gbogbo ọmọ tó ti bàlágà nìyẹn, á sì ní kí ó jókòó síta díẹ̀. Á wá ṣàlàyé fún ọmọ pé ohun tó bá sọ kò ní jáde, àyàfi bí ẹ̀mí rẹ̀ tàbí ti ẹlòmíì bá wà nínú ewu. Ilé ìlera tí ògiri rẹ̀ tín-ín-rín, tí ará ilé ọmọ sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta, kò lè ṣe èyí, kò sì yẹ kó ṣèlérí rẹ̀.

Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù mọ̀ ọ́n ní ọ̀nà mìíràn. Ìwé pupa kan ni wọ́n ń fún ìyá nígbà tó bá bímọ, nọ́ọ̀sì á wá bá a nílé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n á sì máa yẹ ọmọ wò títí dé nǹkan bí ọdún méjì àbọ̀. Ní Amẹ́ríkà, láti ọmọ ọdún mẹ́ta, ọdọọdún ni dókítà ọmọdé ń retí rẹ̀ títí ó fi máa pé 21. Àjọ Ìlera Àgbáyé àti UNICEF náà gbé ìtọ́sọ́nà kan jáde ní 2023, pé kí àwọn orílẹ̀-èdè ṣètò irú àbẹ̀wò bẹ́ẹ̀ láti ìbí títí dé òpin ìgbà ọ̀dọ́langba. Owó wọn lókè òkun pọ̀ ju tiwa lọ, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n, téèpù, ìwé alálẹ́tà lára ògiri àti etí tó ń gbọ́ kì í ṣe ohun tí Ọ̀ṣun kò lè rà.

Ohun tó ń lé àwọn ìyá padà kì í ṣe owó abẹ́rẹ́. Àkókò ni: ẹni tó ń ta ata ní Sábó tó lo wákàtí márùn-ún lórí bẹ́ǹṣì ti pàdánù ọjà ọjọ́ yẹn. Ẹnu ni: nọ́ọ̀sì tó ń pariwo mọ́ ìyá pé "ọjọ́ wo lo yẹ kó o ti wá?" ń lé ọmọ náà lọ fún ọdún márùn-ún. Èdè ni: ọ̀pọ̀ obìnrin Haúsá ní Sábó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n ìyàwó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti òkè Ọya nílò ẹni tó máa túmọ̀ fún un, kì í sì í ṣe ọmọ ọdún mẹ́jọ tó bá a wá ló yẹ kó ṣe iṣẹ́ yẹn. Àwọn bàbá sì ń bẹ, tí wọ́n gbà pé ọ̀rọ̀ obìnrin ni ìwọ̀n, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ wọn ni owó ọkọ̀ wà.

Bí ìwọ tó ń ka èyí bá ní ọmọ tó ti kọjá oṣù 15, wá káàdì rẹ̀ jáde lọ́sẹ̀ yìí. Wo ìgbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n kẹ́yìn. Gbé e lọ sí ilé ìlera tó súnmọ́ ọ, ní kí wọ́n wọ̀n ọ́n, kí wọ́n wo ojú rẹ̀ àti etí rẹ̀, kí wọ́n fún un ní fítámì A àti oògùn aràn bí ó bá yẹ, kí o sì béèrè ibi tí o ti lè ṣe jínótáìpù rẹ̀ bí o kò bá tíì mọ̀ ọ́n. Bí ó bá jẹ́ ọmọbìnrin tó wà láàárín ọdún 9 sí 14, béèrè abẹ́rẹ́ HPV. Bí wọ́n bá sọ pé àwọn kì í wo ọmọ tí ara rẹ̀ dá, má bínú kúrò níbẹ̀; ní kí wọ́n pe ọ̀gá wọn, kí o sì tún ẹ̀bẹ̀ rẹ bẹ̀.